Láti Orí PIN Dé Orí Nọ́ńbà: Bí BBM Ṣe Lọ Tí WhatsApp Sì Jókòó Sípò Rẹ̀

Olóòtú ní kí n kọ ìtàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa retí ìtàn bí ìlú 13 ṣe kó ara wọn jọ ní 1872 tí wọ́n fi di Ṣágámù, tí Màkún wa jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ìtàn yẹn ti ní àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ jù mí lọ. Èyí tí mo mú wá kò tíì pẹ́ rárá, ojú gbogbo wa ló ṣe, síbẹ̀ ó ti ń parẹ́ lọ́kàn wa. Ìtàn BBM ni, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù BlackBerry, tí wọ́n tì pa ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àti ti WhatsApp tó jókòó sípò rẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Bí kì í bá ṣe ti nǹkan méjì yìí, mélòó nínú wa ni ì bá mọ ibi tí àwọn yòókù wà lónìí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà bàrá díẹ̀. Àwa ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa ń lò. Wọ́n á so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, ẹ̀fà nìyẹn: ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Ẹyọ mẹ́jọ jẹ́ ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ ìjọra àti àjọṣe ló ń sọ. Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìfẹ́ àti ìfojúkojú ni. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kẹ̀yìn síra, ẹ ti mọ̀ pé ilé ò rójú. Kódà, ní 1887, wọ́n tẹ àlàyé nípa irú àwọn àrokò báyìí tó wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ tó gbé àrokò dání lè má mọ nǹkan kan nínú ohun tó gbé. Ẹni tó rán an àti ẹni tí wọ́n rán an sí ló jọ mọ̀ ọ́n, torí wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀ lórí ohun tí ẹ̀fà àti ẹ̀jọ túmọ̀ sí.

Àdéhùn yẹn gan-an ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní protocol. Bí fóònù tèmi àti fóònù tiyín kò bá ní àdéhùn kan náà, òkò là ń sọ sínú igbó. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀, òun ló sì fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Àdéhùn àrokò, ti gbogbo ìlú ni. Àdéhùn BBM, ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni.

Àwọn tó jáde ní àárín 1980 sí 1995 kò ní gbàgbé bí nǹkan ṣe rí. Lẹ́yìn ìdánwò WAEC, a kọ àdírẹ́sì sínú ìwé ìrántí ara wa, a ṣèlérí pé a ó máa kọ lẹ́tà, ó sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kánjúkánjú á lọ sí gáréèjì, á fi lẹ́tà rán dẹ́rẹ́bà, á sì fi owó díẹ̀ há a lọ́wọ́. Fóònù NITEL ńkọ́? Ní 2001, gbogbo ilà tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà kò ju nǹkan bíi 400,000 lọ, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn inú ẹ̀ ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí ta GSM. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2003, Glo dé tòun ti ìṣirò owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ara wá tu mẹ̀kúnnù díẹ̀. Síbẹ̀, owó lọ̀rọ̀ ṣì ń jẹ. Tẹ́ẹ̀sì kan, owó kan. Ta ló fẹ́ fi tẹ́ẹ̀sì dápàárá pẹ̀lú èèyàn 40?

Àwọn àbúrò wa ló kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n kan. Wọ́n ń lọ sí kafé, wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, àwọn mìíràn á sì sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n ní àwọn ń ṣe “night browsing”. Yahoo Messenger ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Yahoo Pager lórúkọ rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1998, wọ́n yí i padà ní 1999. (Orúkọ Yahoo yìí náà ló wá di orúkọ tí a fi ń pe àwọn ọmọ tó ń lu jìbìtì, ó mà ṣe o.) Ṣùgbọ́n ibi tí kọ̀ǹpútà wà ni ọ̀rọ̀ ń gbé. Bí ẹ bá ti jáde ní kafé, ó di ìgbà mìíràn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 2018 ni wọ́n pa á tì pátápátá.

BBM ló wá mú ọ̀rọ̀ kúrò nínú kafé tó fi í sínú àpò. Ilé iṣẹ́ Research In Motion ní ìlú Waterloo, ní Kánádà, ló ṣe é. Gary Klassen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló gbà á rò, ó sì jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2005. Bí ẹ bá ti san owó oṣù fún íńtánẹ́ẹ̀tì BlackBerry, iye ọ̀rọ̀ tó bá wù yín lẹ lè fi ránṣẹ́, ì báà jẹ́ sí Ìkẹ́nnẹ́ tàbí sí Peckham. Ẹ ó tún rí i bí ọ̀rọ̀ yín ṣe ń rìn: D tó bá ti dé inú fóònù ẹni náà, R tó bá ti kà á. Ha, R yẹn! Ìjà tí R dá sílẹ̀ láàárín tọkọtaya àti láàárín ọ̀rẹ́ kì í ṣe kékeré. “O ti kà á láti àárọ̀, o ò fèsì!” Ẹni tó bá sì ń kánjú á tẹ PING!!!, fóònù oníkejì á gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ọ̀rọ̀ yẹn náà wọnú ẹnu wa, a wá ń sọ pé “ping mi tó o bá délé”. Ó lókìkí débi tí àwọn eléré wa fi ṣe fíìmù BlackBerry Babes ní 2011, tí wọ́n fi àwọn ọmọge tó lè ṣe ohunkóhun torí fóònù ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi tí agbára rẹ̀ wà náà ni àbùkù rẹ̀ wà. PIN ni. BlackBerry kọ̀ọ̀kan ní PIN tirẹ̀, àmì mẹ́jọ, nọ́ńbà àti lẹ́tà A sí F tí wọ́n pò mọ́ra, inú fóònù gan-an ni wọ́n sì ti kọ ọ́ látilé iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ wá òun rí á fún yín ní PIN. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́ sára káàdì. Bí olè bá wá gbé fóònù yẹn, tàbí tó já bọ́ sínú omi, PIN bá a lọ. Ẹ ó ra òmíràn, ẹ ó sì tún máa lọ láti ẹnìkan sí ẹnìkejì, “PIN mi tuntun rèé o”. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ń yí orúkọ rẹ̀ padà nígbàkigbà tó bá pààrọ̀ bàtà.

Ẹgbẹ́ orí BBM, èèyàn 30 péré ló ń gbà ní àkókò tó lókìkí jù. Ẹ rò ó wò, ṣé kíláàsì kan ṣoṣo ló ní èèyàn 30 nígbà tiwa ni? Kí A, B àti C tó pé pọ̀, a ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ńṣe ni wọ́n ń dá ẹgbẹ́ kìíní, ẹgbẹ́ kejì, ẹgbẹ́ kẹta sílẹ̀, tí ẹnìkan á sì máa gbé ọ̀rọ̀ láti ibí lọ sí ọ̀hún bí àgbèrò tó ń sáré láàárín mọ́tò méjì. Owó sì tún wà níbẹ̀. Ní àkókò kan, owó oṣù íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ₦3,000, kó tó di pé ó wálẹ̀, ká má sọ ti owó fóònù fúnra rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ mánííjà ní báńkì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ń lo Nokia alátọ́ọ̀ṣì, kò sí níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé àtijọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á gbọ́ nípa ìsìnkú lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú tán, wọn á sì tún máa ní kò wá. Èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ BBM. Aṣọ kan náà la jọ wọ̀ ní ilé ìwé, kò sẹ́ni tó mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà lórí ìlà àárọ̀, fóònù wá pín wa sí ọ̀nà méjì.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2011 tó yẹ kí gbogbo wa kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 10, BBM àti íńtánẹ́ẹ̀tì BlackBerry kú fin-ín-fin-ín. Kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan o, gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù, Middle East àti Áfíríkà ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó padà bọ̀ sípò, ó sì ràn dé Amẹ́ríkà. Kí ló fà á? Ẹ̀rọ kan ló bàjẹ́ ní Slough, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ní Màkún fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀ ní Ọ̀fìn, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ sọ fún un, gba inú ilé iṣẹ́ àwọn olówó náà kọjá kó tó dé. Àwọn tó lẹ̀rọ ló lọ̀nà.

Àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ náà rí ohun tó ń bọ̀. Jim Balsillie, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá méjì tó ń darí ibẹ̀, fẹ́ kí wọ́n ṣí BBM sílẹ̀ fún fóònù gbogbo, kí àwọn ilé iṣẹ́ bíi MTN máa tà á dípò tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ọ̀gá tuntun gorí àléfà ní 2012, wọ́n da àbá náà nù, Balsillie sì fi ìgbìmọ̀ olùdarí sílẹ̀. Oṣù Kẹwàá 2013 ni wọ́n tó ṣí BBM fún Android àti iPhone. Ní ọjọ́ kìíní nìkan, èèyàn mílíọ̀nù 10 ló gbà á sórí fóònù wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ti tú.

Ta ló tú ọjà? Àwọn ọkùnrin méjì tó ti bá Yahoo ṣiṣẹ́ rí ni, Jan Koum, ọmọ Ukraine tó kó wá sí Amẹ́ríkà, àti Brian Acton. Wọ́n dá WhatsApp sílẹ̀ ní 2009. Ohun tí wọ́n ṣe kò le rárá lójú tèmi, síbẹ̀ òun ló borí: wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní PIN, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni wá orúkọ ìnagijẹ. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni orúkọ yín. WhatsApp á wo inú ìwé nọ́ńbà fóònù yín, á sì fi àwọn tó ti wà níbẹ̀ hàn yín. Ẹni tí ẹ ti gba nọ́ńbà rẹ̀ níbi ìgbéyàwó ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tẹ́ ẹ ti gbàgbé pé ẹ gbà á, ó kàn yọ lójijì tòun ti fọ́tò. Nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí BlackBerry, ó ń ṣiṣẹ́ lórí iPhone, pàtàkì jù lọ fún àwa, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ Nokia tí owó rẹ̀ kò ga. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mánííjà báńkì tún pàdé.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ 2go náà, kí àwọn tó kéré sí wa nínú ẹgbẹ́ yìí má bàa bínú. Àwọn ọmọ Yunifásítì Wits ní South Africa ló ṣe é, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì sọ ọ́ di ńlá, tí wọ́n ń bá ara wọn díje nítorí ìràwọ̀. Ó tàn, ó sì wọ̀.

Facebook ra WhatsApp ní oṣù Kejì 2014, bílíọ̀nù 19 dọ́là. Dọ́là kan lọ́dún ni ó yẹ kí èèyàn san fún un tẹ́lẹ̀, wọ́n fagi lé ìyẹn ní oṣù Kìíní 2016. Ẹgbẹ́ tó ń gba èèyàn 50 di 100 ní ìparí 2014, ó di 256 ní 2016, ó wá di 1,024 ní 2022. Ẹ wo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ 30 ti BBM. Gbogbo sẹ́ẹ̀tì kan, àtàwọn tó wà ní Houston àtàwọn tí kò kúrò ní Ṣágámù rí, lè jókòó sínú yàrá kan. Nígbà tí ìjọba sé Èkó, Ògùn àti Abuja mọ́lé ní 2020 nítorí Kòrónà, ibẹ̀ ni a ti ń kí ara wa, ibẹ̀ la ti ń dáwó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

N ò ní sọ pé gbogbo ẹ̀ dára o. Ẹ rántí oṣù Kẹjọ 2014, nígbà Ebola, tí ọ̀rọ̀ kan gba orí tẹ́ẹ̀sì, BBM àti WhatsApp kan lóru pé kí gbogbo èèyàn fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá wa ń ji ọmọ lójú oorun. Àwọn kan dèrò ọsibítù, a sì gbọ́ ìròyìn àwọn tó kú. Ọ̀rọ̀ tó dé láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ ilé ìwé tètè máa ń dà bí òótọ́, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ikú BBM, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ní 2016, BlackBerry gbé e fún ilé iṣẹ́ Emtek ti Indonesia. Ní oṣù Kẹrin 2019, wọ́n kéde pé ó máa kú ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Wọ́n ní kí oníkálukú yára kó fọ́tò àti fáìlì rẹ̀ kúrò. Wọ́n dárúkọ arọ́pò kan, BBMe, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún kan, tí èèyàn á sì máa san dọ́là 2.49 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn. Ta ló fẹ́ tún gbé PIN kiri nígbà tí gbogbo ẹbí ti wà lórí WhatsApp? Ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ gbọ́ ìkéde náà, BlackBerry wọn ti kú sínú dúrọ́ọ̀ tipẹ́. Ohun tó bá a lọ pọ̀: orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ jọ, àkọsílẹ̀ owó ìdáwó, àwàdà tí àwọn tó ti di olóògbé fi ń pa wá lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹnìkan bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ.

Ẹ lè ní ti WhatsApp kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí inú fóònù yín ni ọ̀rọ̀ wà, wọ́n sì ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i láti 2016 tó jẹ́ pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè kà á. Òótọ́ ni. Àmọ́ nọ́ńbà tó jẹ́ orúkọ yín níbẹ̀, ṣé tiyín ni? Òfin NCC sọ pé ilà tí kò bá ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í. Bó bá tún tó oṣù mẹ́fà sí i, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà ẹlẹgbẹ́ wa tó ti sùn lè jí lọ́jọ́ kan tòun ti fọ́tò àjèjì. Ẹ sì rántí pé ẹni tó ni ilé ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní oṣù Keje 2024, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni WhatsApp, lórí ọ̀nà tó ń gbà lo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin 2025. Nígbà tí erin méjì bá ń jà báyìí, ẹ mọ koríko tí wọ́n ń tẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ti wà rí. Láti 1999 ni Jeremie Miller ní Amẹ́ríkà ti gbé Jabber jáde, àdéhùn tí kò ní olówó kan lórí, tí ẹni tó wà nílé iṣẹ́ yìí fi lè kọ̀wé sí ẹni tó wà nílé iṣẹ́ ọ̀hún, bí a ṣe ń ṣe pẹ̀lú í-meèlì. Google lò ó, ó sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ní 2013. WhatsApp fúnra rẹ̀, orí rẹ̀ ló kọ́ ilé rẹ̀ lé, ó wá mọ odi yí i ká. Àwọn ìjọba Yúróòpù ti fi òfin mú un láti 2024 pé kó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn yòókù. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ àbá pé kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé orúkọ tí a tẹ̀ sórí pépà: orúkọ, ọdún ìjáde, ilé baba ẹni, àti orúkọ ẹbí kan tí a lè wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fọ́tò àtijọ́ náà, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde. Ẹni tó bá ní BlackBerry àtijọ́ nílé tó ṣì lè tàn, kí ó wo inú rẹ̀ kó tó sọ ọ́ nù, bóyá fọ́tò ìpàdé wa ṣì wà nínú káàdì rẹ̀.

Ní ti ìkésíni ọdún yìí, orí WhatsApp la ti fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀yin tó wà nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn olùkọ́ wa àgbà tí ojú kò jẹ́ kí wọ́n lè ka fóònù mọ́, ìwé la tẹ̀, lẹ́tà ńláńlá, àwọn ọmọ wa méjì sì gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé ní Màkún.